Owó tó gba inú àkáǹtì yín kọjá kọ́ ni èrè yín: àlàyé òfin owó orí tuntun fún oníṣòwò kékeré àti agbaṣẹ́ṣe

Lọ́sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, mo gbé aṣọ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Mo bá pátákó kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "A ò gba tiransifá mọ́. Owó ọwọ́ nìkan." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?" Ó ní wọ́n sọ ọ́ nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn aránṣọ pé ìjọba ti fẹ́ máa yọ owó orí nínú gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì èèyàn, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n yọ tòun, kó ní kí oníbàárà kọ "gift" sí i. Oníbàárà méjì ti bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé owó ọwọ́ ò sí lára wọn.

Kì í ṣe òun nìkan. Mo ti rí oníPOS tó pín àkáǹtì rẹ̀ sí mẹ́ta. Mo mọ akunlé kan tó kọ iṣẹ́ ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí wọ́n ní àwọn máa yọ nǹkan díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn, ẹ̀rù yìí sì ti ń jẹ owó wọn kí owó orí fúnra rẹ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Òfin wo là ń sọ gan-an?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin mẹ́rin lórí owó orí. Méjì nínú wọn ló kàn wá jù, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Nigeria Tax Act ló sọ ẹni tó máa san àti iye tó máa san. Nigeria Tax Administration Act ló sọ bí a ṣe ń forúkọ sílẹ̀, ìgbà tí a máa jábọ̀, àti ìyà tó wà fún ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin kẹta ló sọ FIRS tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, àjọ agbowó orí ìjọba àpapọ̀, di NRS. Ìkẹrin dá lórí bí àjọ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ yóò ṣe máa bá ara wọn ṣiṣẹ́, òun náà ló dá ọ́fíìsì sílẹ̀ tí ẹni tí agbowó orí bá fìyà jẹ ti lè fẹjọ́ sùn.

Owó orí lórí èrè ti wà nílẹ̀ yìí kí a tó bí púpọ̀ nínú wa. Ohun tó yí padà ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, iye tó jẹ́, àti bí wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó yẹ kó san.

Orúkọ tí a ń pè é ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní "owó orí", orí èèyàn ni wọ́n ń kà lóòótọ́. Láyé àwọn bàbá wa, ọkùnrin tó bá ti tó san á san, ì báà ṣe pé kòkó so dáadáa, ì báà ṣe pé àrùn pa á lóko. Ara ohun tó mú kí àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní 1968 àti 1969 nìyẹn: wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀ láti oko. Ìrántí yẹn ṣì wà nínú orúkọ náà. Bí a bá ti gbọ́ "owó orí" báyìí, ọkàn wa á ti lọ sí owó tí wọ́n kàn ń bù lé èèyàn lórí.

Èrè ni òfin òde òní ń wò. Ẹ jẹ́ kí n fi alákàrà ṣàpẹẹrẹ. Bó bá dín àkàrà tán láàárọ̀, tó ka owó inú igbá, tó jẹ́ ₦20,000, kò sí alákàrà tó máa ní òun jèrè ₦20,000. Ó mọ̀ pé owó ẹ̀wà wà níbẹ̀, owó epo wà níbẹ̀, ti ata, ti àlùbọ́sà, ti igi ìdáná, àti owó ọmọ tó bá a lọ ẹ̀wà. Bó bá yọ gbogbo rẹ̀ tó ku ₦4,000, ₦4,000 yẹn ni èrè. Ìyókù, ojú owó ni. Òun ló máa fi ra ẹ̀wà ọ̀la. Owó orí kì í jẹ ojú owó. Bí ẹ bá mú gbólóhùn yìí dání, ohun tó kù kò ní í ṣòro.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la máa lò láti ibí lọ. Owó tó wọlé ni gbogbo owó tó bá yà sí àkáǹtì tàbí àpò yín, ibi yòówù kó ti wá. Owó ọjà ni èyí tí ẹ gbà fún ọjà tí ẹ tà tàbí iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Èrè ni ohun tó kù nínú owó ọjà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ohun tí ẹ ná láti fi ṣe òwò náà.

Ṣé báńkì máa yọ ọ́ ni?

Rárá o. Kò sí ibi tí òfin náà ti ní kí báńkì máa gé owó orí lára tiransifá tí oníbàárà ṣe fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣírò èrè yín, ẹ̀yin lẹ máa jábọ̀, ẹ̀yin lẹ máa san.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń búra pé wọ́n ti yọ tàwọn? ₦50 ló fà á. Bí tiransifá bá ti tó ₦10,000, owó òǹtẹ̀ ìjọba tó jẹ́ ₦50 wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí owó wọlé fún ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní 2026, ẹni tó fowó ránṣẹ́ ló ń san án. Kò bá èrè yín tan rárá: ẹni tó fi ₦10,000 ránṣẹ́ àti ẹni tó fi ₦1,000,000 ránṣẹ́, ₦50 náà ni.

Nọ́ńbà owó orí tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Òfin ní kí ẹni tó ń ṣòwò ní nọ́ńbà tí wọ́n fi máa dá a mọ̀. Àjọ NRS sì ti ṣàlàyé pé NIN yín ni nọ́ńbà náà, pé òwò tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, yóò lo nọ́ńbà CAC rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín lọ́jà pé ẹ mówó wá kí òun bá yín gba "káàdì owó orí tuntun", ẹ má dá a lóhùn.

Òtítọ́ ni pé àwọn báńkì ń jábọ̀ àkáǹtì tí owó ńlá bá ń gbà kọjá fún àjọ owó orí. Ìròyìn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, wọn ò fọwọ́ kan owó. Òtítọ́ mìíràn tún wà tí kò yẹ kí n fi pa mọ́: bí àjọ bá ti ṣírò iye tó yẹ kí ẹ san, tí wọ́n ti fún yín níwèé, tí àkókò àtijà sí i ti kọjá, tí ẹ ò sì san, òfin fún wọn láyè láti ní kí báńkì yín san án nínú owó yín. Ó ti di gbèsè nígbà yẹn. Kì í ṣe ohun tó máa já lu èèyàn lójú oorun.

"Gift" tí wọ́n ń kọ ńkọ́? Ẹ̀bùn gidi kò ní owó orí. Gbèsè tí ẹ yá kò ní owó orí. Owó tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti London kí ẹ fi tọ́jú ìyá yín kò ní owó orí, ó kọ nǹkan sí i o, kò kọ nǹkan sí i o. Ohun tí owó náà jẹ́ ni òfin ń wò. Bí ẹ bá wá pe owó iṣẹ́ ní ẹ̀bùn, owó iṣẹ́ ló ṣì jẹ́, irọ́ sì ti wà lákọsílẹ̀ lórúkọ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá, báńkì á ní kí ẹ mú ìwé àkáǹtì wá. Kí ni ẹ máa fi hàn wọ́n pé ẹ ń ṣòwò, nígbà tó jẹ́ ẹ̀bùn ló kún ibẹ̀?

Ìṣirò tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ṣe

Mo padà lọ ní Sátidé, a gbé ìwé àkáǹtì rẹ̀ fún ọdún kan sílẹ̀, a fi òfin tuntun wọ̀n ọ́ kó lè mọ bí ọdún yìí ṣe máa rí. Mo ti yí àwọn iye náà díẹ̀ níbí, kí ìṣirò lè já geere, kí àṣírí rẹ̀ má sì tú.

₦9,000,000 ló wọlé. Ó gbé ọwọ́ lérí. Mo ní kó fara balẹ̀, ká tọpa rẹ̀ wò. ₦2,500,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó aṣọ ẹbí tí àwọn oníbàárà kó fún un kó bá wọn ra léèsì àti ańkárá ní ọjà Gbági. Kì í ṣe owó rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti jáde. ₦1,200,000 jẹ́ àjọ tí òun fúnra rẹ̀ dá tó sì kó, àti owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Ìyẹn náà kúrò. Owó ọjà wá ku ₦5,300,000.

A bọ́ sórí ohun tó ná. Òwú, síìpù àti bọ́tìnnì: ₦900,000. Pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀: ₦600,000, iye tó ya òun gan-an lẹ́nu. Owó iṣẹ́ àwọn ọmọ méjì tó ń bá a rán: ₦1,000,000. Rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù: ₦300,000. Àtúnṣe ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ àti dátà: ₦200,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,000,000. Èrè rẹ̀ fún ọdún náà jẹ́ ₦2,300,000.

Ó fẹ́ fi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kún un, mo ní rárá. Oúnjẹ ilé, owó ilé-ìwé, aṣọ ọdún, gbogbo ìyẹn ti jẹ́ jíjẹ èrè; ohun tí ẹ ná nítorí òwò nìkan lẹ lè yọ. Ẹ̀rọ tí ẹ rà kó lè lo ọdún púpọ̀ náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni òfin ń jẹ́ kí a máa yọ ọ́ lọ́dọọdún. Àmọ́ rẹ́ǹtì ilé tí ẹ ń gbé ní àyè tirẹ̀: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni a máa yọ, ṣùgbọ́n ohun tí a yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Rẹ́ǹtì ilé rẹ̀ jẹ́ ₦400,000, a yọ ₦80,000. Ó ku ₦2,220,000.

Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe jù. Ẹ wo ìpele owó orí bí ìkòkò tó tò tẹ̀lé ara wọn: omi kì í dé inú èkejì àfi bí àkọ́kọ́ bá kún. Ìkòkò kìn-ín-ní gba ₦800,000, kò sí owó orí lórí rẹ̀ rárá. Èkejì gba ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta gba ₦9,000,000, ìdá 18. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ìdá 21, ìdá 23, títí dé ìdá 25 fún èyí tó bá lé ní ₦50,000,000. Bí èrè yín bá wá fi naira kan lé ní ₦3,000,000, naira kan yẹn nìkan ló bọ́ sínú ìkòkò ìdá 18. Àwọn tó wà nínú ìkòkò ìṣáájú dúró síbi tí wọ́n wà.

Ti ẹ̀gbọ́n mi kún ìkòkò kìn-ín-ní, ₦1,420,000 sì ṣàn sínú èkejì. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦213,000 fún odidi ọdún, tí í ṣe ₦17,750 lóṣù. Owó ni, n kò ní sọ pé kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan, tó jẹ́ pé ₦9,000,000 tó wọlé nìkan ni àjọ rí. Bí òun náà kò bá jábọ̀, òfin gba àjọ láyè láti fi òye tirẹ̀ ṣírò. Lórí ₦9,000,000, ₦1,410,000 ni owó orí máa jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ fún ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ̀wé pé òun kò gbà, àmọ́ kí ló máa fi jà bí kò bá ní ìwé?

"Enterprises" àti "Limited" kì í ṣe ọ̀kan náà

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé òwò tí kò bá pa tó ₦100,000,000 lọ́dún kì í san nǹkan kan. Àbọ̀ òtítọ́ ni.

Bí ẹ bá fi orúkọ òwò lásán sílẹ̀ ní CAC, irú bí "Enterprises" tàbí "Ventures", lójú òfin ẹ̀yin àti òwò náà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Èrè rẹ̀ ni èrè yín, ìpele ìkòkò tí a sọ lókè lẹ wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé lẹ sì máa san án fún: OYSIRS ní Ọ̀yọ́, LIRS l'Ékòó, OGIRS ní Ògùn. Ìdásílẹ̀ ₦100,000,000 yẹn kò kan owó orí èrè yín.

"Limited" yàtọ̀. Ó dà bí ọmọ tó ti kúrò nílé bàbá rẹ̀: gbèsè rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, owó orí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, NRS ló sì ń san án fún. Bí owó ọjà rẹ̀ lọ́dún kò bá ju ₦100,000,000 lọ, tí ilé, ilẹ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ju ₦250,000,000 lọ, kò ní san owó orí ilé-iṣẹ́, kò sì ní san owó ìdàgbàsókè tó jẹ́ ìdá 4. Àwọn tó ń ta ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, bí àwọn amòfin àti oníṣirò owó, kò sí nínú ìdásílẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé kóun wá lọ di Limited. Mo ní kó ṣì ní sùúrù. Limited ní ìwé tirẹ̀ tó ń kọ sí CAC lọ́dọọdún, ó nílò ẹni tó ń bá a ṣe ìṣirò owó, owó oṣù tí òun fúnra rẹ̀ bá sì gbà níbẹ̀ ṣì máa bọ́ sínú ìkòkò. Fún aránṣọ tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì, lójú tèmi, kò tíì yá.

Agbaṣẹ́ṣe, owó tí wọ́n yọ kò sọnù

Ó dun mí fún akunlé tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ yẹn. Bí ilé-iṣẹ́, ilé-ìwé tàbí ìjọba bá gbé iṣẹ́ fún yín, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ nínú owó yín, kí wọ́n sì san án fún àjọ owó orí lórúkọ yín. Àsansílẹ̀ ni. Ó jọ owó tí ẹ ń dá sọ́wọ́ alájọ: ọwọ́ ẹlòmíì ló wà, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́, ilé kíkùn àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn àti ti ọ̀mọ̀wé jẹ́ ìdá 5. Ká ní iṣẹ́ akunlé náà jẹ́ ₦3,000,000: wọn á yọ ₦60,000, òun á gba ₦2,940,000. Bí owó orí rẹ̀ lọ́dún náà bá wá jẹ́ ₦213,000, ₦60,000 ti wà ńlẹ̀, ₦153,000 ló kù kó san. Àmọ́ bí kò bá ní nọ́ńbà owó orí, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ, ₦120,000.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe kì í gba ìwé. Wọ́n yọ owó, oníṣẹ́ bínú lọ, ọdún parí, kò ní ẹ̀rí tó máa gbé sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n san án, kí nọ́ńbà yín wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó, ẹ má dúró di ìparí ọdún.

Ẹni tó ní kí ẹ kun pálọ̀ òun kò ní ohunkóhun láti yọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré náà kì í yọ ọ́ bí owó náà kò bá ju ₦2,000,000 lọ lóṣù, tí ẹ sì ní nọ́ńbà. Ti àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ará Amẹ́ríkà tún yàtọ̀: kò sẹ́ni tó máa bá wọn yọ ọ́, àwọn fúnra wọn ni yóò yí dọ́là sí naira, tí wọ́n á jábọ̀.

VAT ńkọ́?

VAT ni owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà tí oníbàárà rà; ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà. Òwò kékeré tí kò pa ju ₦100,000,000 lọ kò ní láti gbà á lọ́wọ́ oníbàárà. Bí ẹ bá ti ń fi kún owó àwọn èèyàn, ẹ dáwọ́ dúró. Èyí tí ẹ sì ti gbà, ti ìjọba ni, ẹ san án.

Ìgbà wo la máa jábọ̀?

Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdọọdún ni gbèdéke ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, fún owó ọdún tó kọjá. Èyí tó bọ́ sí oṣù kẹta 2026 wà fún owó 2025, òfin àtijọ́ ni wọ́n á fi ṣírò rẹ̀. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ láti orí owó 2026, èyí tí a máa jábọ̀ kó tó di 31 oṣù kẹta 2027. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 kò ní san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kó jábọ̀. Ẹni tí kò bá jábọ̀, ₦100,000 ni ìtanràn oṣù kìn-ín-ní, ₦50,000 ní oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà. Ẹ wo ti ẹ̀gbọ́n mi: láàárín oṣù mẹ́rin, ìtanràn á ti ju odidi owó orí ọdún rẹ̀ lọ.

Owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ kò sí nínú gbogbo èyí, ìyẹn ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ṣáà rí i pé rìsíìtì ìjọba lẹ gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra ìwé gígùn kan. Ó fa ìlà mẹ́rin sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, owó iṣẹ́, owó oníbàárà tó wà lọ́wọ́ mi, ohun tí mo ná. Rìsíìtì Gbági àti ti ilé epo ń lọ sínú páálí bàtà kan lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó sì ti ṣí àkáǹtì kejì fún owó aṣọ ẹbí nìkan. Nígbà tí mo lọ gba aṣọ mi, pátákó ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tiransifá ni mo fi san owó rẹ̀, mo sì kọ "owó ìránṣọ" sí i.